Ìyá Kúbùsù àti Bàbá Ìṣáájú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í gbàgbé ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ ná, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́ á sọ fún yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé ohùn rẹ̀ kì í ròkè, pé ó máa ń kúnlẹ̀ kí ẹni tó bá jù ú lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í mọ̀.

Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyàwó àbúrò bàbá wa ń gbé lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, ẹran dín nínú ìkòkò, obìnrin yìí ò bi ẹnikẹ́ni, ó kàn fọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí lójú àwọn àlejò. Ológbò ló jẹ ẹran náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún, kò sì ṣàlàyé. Láti ọjọ́ kejì, ní gbogbo àárọ̀, á lọ kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, orúnkún méjèèjì, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó jẹ ẹran yẹn?" Bí àlejò bá wà nílé, á tún padà wá kí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣe é títí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé jáde nílé ọkọ rẹ̀. Níkẹyìn, ó lọ bá ìyá wa pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun bẹ ọmọ yìí. Ọmọ kékeré ni ẹni tí à ń wí o. Láti ìgbà náà ni èmi àbúrò rẹ̀ ti kọ́gbọ́n. Bí mo bá yá sísọ́ọ̀sì rẹ̀, mo máa ń tètè dá a padà.

Ó dàgbà, ó di dókítà. Àmọ́ kì í ṣe irú dókítà tí èèyàn ń bá pàdé lójú pópó tí á dì mọ́ ọn pé ìwọ lo gba ẹ̀mí mi là. Dókítà akunnilóorun ni. Òun ló ń fún aláìsàn lóògùn oorun kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, á jókòó sí ìgbèrí rẹ̀, á máa ṣọ́ èémí rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, títí wọ́n á fi rán an tán, á wá jí i padà. Ẹni tó bá jí, oníṣẹ́ abẹ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń rántí ẹni tó kun òun lóorun? Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn ò dun òun, pé bí aláìsàn bá gbàgbé òun, a jẹ́ pé òun ṣiṣẹ́ òun dáadáa nìyẹn. Ohun tó ń dùn ún yàtọ̀.

Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ tóbi, ẹ̀ka ìṣègùn sì pọ̀ níbẹ̀: àwọn oníṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà ọmọdé, àwọn tó ń wo ojú, àwọn tó ń to eegun, àwọn agbẹ̀bí, àwọn tó ń wo àwọ̀ ara, àwọn tó ń wo àrùn ọpọlọ, àti àwọn akunnilóorun. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ka iye ìwé ìwádìí tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá gbé jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn tí àwọn dókítà ń kà. Orúkọ tó bá ṣáájú lórí ìwé ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀ka tó ni ín. Gbogbo wọn á kóra jọ sí gbọ̀ngàn tó wà lókè ilé ìkàwé. Olórí ẹ̀ka tó borí lọ́dún tó kọjá á kọ́kọ́ dìde ka ìwé kan tó bá wù ú nínú ìwé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn á wá ka èsì ọdún náà. Ẹ̀ka tó bá ṣe ìkẹyìn ni yóò máa bu tíì fún gbogbo ilé nígbà tí ọdún bá tún yí po.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dókítà tó kàwé títí irun ẹ̀ fi ń funfun ni mò ń wí, tó gbé ìkòkò tíì dání, tó ń bi ọmọ àná léèrè pé ṣúgà mélòó. Wọ́n ní eré ni. Ẹni tí wọn ò tíì fi ṣeré rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdọọdún ni àwọn akunnilóorun ń bu tíì. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Inú yàrá ẹlòmíì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, aláìsàn ẹlòmíì ni wọ́n ń tọ́jú, nítorí náà ohun tí wọ́n bá ṣàwárí, inú ìwé ẹlòmíì ló ń bọ́ sí. Inú ìwé àwọn oníṣẹ́ abẹ ló sì ń bọ́ sí jù.

Olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà kékeré ń pè ní Bàbá Ìṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ o, torí kò sí ìwé tó jáde ní ẹ̀ka náà tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣáájú. Ẹni tó ronú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó jókòó ti aláìsàn, ẹni tó kọ ọ́, gbogbo wọn á tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Kì í kà á. Wọ́n á gbé e wá, á fọwọ́ sí i, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ó mọ abẹ lò, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rí. Àmọ́ ojú tó fi ń wo èèyàn tí kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, ojú tí wọ́n fi ń wo àga ni.

Ọ̀ràn tó ṣẹ ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ó kíyè sí i pé àwọn aláìsàn máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Eyín wọn á máa lu ara wọn, ojú ọgbẹ́ á máa fà wọ́n. Ó wá rò ó pé bí a bá ti fi kúbùsù mú ara wọn gbóná kí wọ́n tó sùn ńkọ́, dípò kí á dúró dìgbà tí wọ́n bá jí? Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ ni mo ṣẹ́ àwọn kúbùsù náà létí fún un. Ó jókòó ti aláìsàn kan tẹ̀lé òmíràn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni: àwọn tí ara wọn ti gbóná tẹ́lẹ̀ kì í gbọ̀n mọ́. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé e lọ bá Bàbá Ìṣáájú, torí aláìsàn rẹ̀ ni wọ́n, ó yẹ kó gbọ́ sí i.

"Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀," ni bàbá náà wí. "Jẹ́ kí n fojú kàn án."

Ó fojú kàn án lóòótọ́. Kò pẹ́ ni ìwé jáde. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú. Igbákejì rẹ̀ ló tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn tò sẹ́yìn, títí kan ìyàwó àbúrò rẹ̀ tí í ṣe dókítà eyín, bóyá torí eyín tó ń lu ara wọn ni òun ṣe wá síbẹ̀, mi ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán, wọ́n kọ ọ́ pé: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wa gbé kúbùsù."

Ìwé yẹn wà lára ohun tó gbé àwọn oníṣẹ́ abẹ sípò kìíní lọ́dún náà. Ní gbọ̀ngàn, ẹ̀gbọ́n mi ló di ìkòkò tíì mú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìṣáájú, bàbá náà na ife rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣúgà kan péré, Ìyá Kúbùsù." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Igbákejì rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láyà. Kó tó dọ̀la, orúkọ yẹn ti lẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń nu ilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní òun bu ṣúgà kan fún un, òun kúnlẹ̀, òun ní kí wọ́n gbà, sà.

Bó ṣe ní òun kúnlẹ̀ báyìí, àánú bàbá náà ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, kò pẹ́ tó fi lọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn gbé òfin tuntun dé. Ó ní ìnáwó ti pọ̀ jù, ẹ̀ka ti pọ̀ jù. Ẹ̀ka tó bá tún ṣe ìkẹyìn lọ́tẹ̀ yìí kò ní dá dúró mọ́, wọ́n á kó o sábẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń borí lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Bí àwọn akunnilóorun bá kùnà, Bàbá Ìṣáájú ni yóò di ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Òun ni yóò máa fún un láyè ìsinmi. Òun ni yóò máa pinnu bóyá yóò gba ìgbéga tàbí kò ní gbà á.

Wọ́n ṣírò rẹ̀ wò nínú yàrá wọn. Àwọn tó ń wo àwọ̀ ara ló sún mọ́ wọn jù. Bí wọ́n bá lè rí ìwé kan péré sí i, wọ́n á bá àwọn aláwọ̀-ara dọ́gba, kò ní sí ẹ̀ka tó dá kẹ́yìn, wọ́n á sì bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè parí kí ọdún tó pé. Gbogbo wọn yíjú sí i.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ìwádìí lórí ìwádìí. Ó fẹ́ mọ iye ìwé tí ẹ̀ka ìṣègùn kọ̀ọ̀kan ń gbé jáde nílé ìwòsàn náà, kó sì mọ ẹni tó ṣe é gan-an. Gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló fi ìbéèrè ráńṣẹ́ sí, láì ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìdáhùn: ìwọ lo ronú ọ̀rọ̀ náà ni? Ìwọ lo jókòó ti aláìsàn? Ìwọ lo kọ ọ́? Àbí orúkọ rẹ nìkan lo yá wọn? Ó sì tún bi wọ́n pé, àwọn tí orúkọ wọ́n ṣáájú yín ńkọ́, kí lẹ rí kí wọ́n ṣe? Ti àwọn olórí ẹ̀ka nìkan ló yà sọ́tọ̀, kó lè mọ ọ́fíìsì tí èsì ti wá, ó sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹnu yà mí pé wọ́n dáhùn. Ó ní kí n má jẹ́ kó yà mí lẹ́nu, pé ẹni tí wọ́n ti gba nǹkan rẹ̀, ẹni tó máa bi í léèrè ló ń wá.

Ìdáhùn ti Bàbá Ìṣáájú gan-an ló dùn jù. Ìbéèrè dé ọ́fíìsì rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ìwé ló ṣe sí i, ó tì í sọ́dọ̀ akọ̀wé rẹ̀ pé kó bá òun dá wọn lóhùn. Akọ̀wé náà, ìyá àgbàlagbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò mọ irọ́ tó yẹ kí òun pa. Ohun tó ń rí láti ọjọ́ tó ti ń jókòó síbẹ̀ ló kọ: orúkọ nìkan.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó kọ ọ́ tán. Mò ń rán kọ́tìnì, torí ilé ìwòsàn náà ló gbé iṣẹ́ kọ́tìnì gbọ̀ngàn fún mi lọ́dún yẹn. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Màá fi orúkọ rẹ̀ síwájú."

"Orúkọ ta ni?"

"Ti Bàbá Ìṣáájú."

Mo dá ẹ̀rọ dúró. "Àǹtí mi, ṣé orí yín pé? Bẹ́ ẹ bá fi orúkọ yín síwájú, ẹ̀ka yín là. Bẹ́ ẹ bá fi tiẹ̀ síwájú, ẹ̀ka ẹ̀ ni wọ́n máa kà á fún!"

"Mo mọ̀."

"Ẹ ó wá di ọmọ iṣẹ́ ẹ̀!"

"Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Àmọ́ gbọ́. Tí mo bá fi orúkọ mi síwájú, á ní ìlara ni, á ní ta ni Ìyá Kúbùsù. Wọ́n á kà á, wọ́n á pa á dé. Tó bá jẹ́ tiẹ̀ ló ṣáájú, òun ló máa dìde kà á ní gbọ̀ngàn. Ẹnu ara ẹ̀ ni mo fẹ́ kó fi sọ ọ́."

Mo ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ó ní èwo ni ẹ̀tẹ̀ nínú méjèèjì? Ká sòótọ́, inú mi ń dùn. Ṣebí èmi ni mo ṣẹ́ kúbùsù wọ̀nyẹn létí.

Ó gbé e lọ. Èmi ò sí níbẹ̀, àmọ́ ó sọ ọ́ fún mi lọ́rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, kì í sì í gbàgbé irú ẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Kúbùsù! Kí ló dé?"

"Ìwádìí kékeré kan ni mo ṣe, sà, lórí iye ìwé tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń gbé jáde. Ẹ̀ka tiyín ló ṣáájú, sà. Wọ́n ṣáájú jìnnà."

"Ṣé ìyẹn tún la ìwádìí lọ?" Bàbá náà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Jẹ́ n rí i."

"Mo fi orúkọ yín sí ìkẹyìn, sà, láti fi bọlá fún yín."

"Ìkẹyìn?" Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ibo lo ti rí mi ní ìkẹyìn rí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ibo ni kí n wá fi í sí?"

"Ìwọ náà! Níbo lorí máa ń wà lára èèyàn?"

"Mo gbọ́, sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ẹni tó bá ṣáájú ló máa fọwọ́ sí i pé òun ti kà á látòkè délẹ̀, pé òtítọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kó kà á. Ó ní òun fẹ́ kí Ọlọ́run rí i pé òun sọ fún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá náà gbaná jẹ, ó ní ṣé òun ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ ní ìwé kíkà ni. Ó fa kálàmù yọ, ó fọwọ́ sí i. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìwé jáde nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ gbọ̀ngàn pé, nínú ìwé ìròyìn kan tó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣírò nǹkan ló ń kà á, kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Bàbá Ìṣáájú gbọ́ pé ó ti jáde, ó ní òun náà ni òun máa kà lọ́jọ́ náà. Kí ló tún dùn ju kí èèyàn dúró lójú gbogbo ayé kó máa ka ìwé tó sọ pé òun ló ṣáájú?

Mo wà níbẹ̀. Mo ní mo wá wo bóyá kọ́tìnì gún, mo bá dúró sí ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú ìkòkò tíì, nínú aṣọ funfun, ojú rẹ̀ tútù bí ojú ẹni tó ń gbàdúrà. Igbákejì wà ní ìlà iwájú. Bàbá Ìṣáájú gun orí pèpéle, wọ́n gbé ìwé náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì kékeré, ó fọwọ́ gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ dára, mi ò ní tàn yín. Ó kà á pé, "Nínú gbogbo ẹ̀ka ìṣègùn tó wà nílé ìwòsàn yìí, ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ló gbé ìwé jáde jù lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kà á pé àwọn dókítà ọmọdé ló tẹ̀lé wọn, àwọn agbẹ̀bí ló tẹ̀lé ìyẹn. Ó kà á pé àwọn akunnilóorun àti àwọn aláwọ̀-ara ló kéré jù, ó wá gbójú sókè, ó fi tẹnu ara rẹ̀ kún un: "Ẹ máa bu tíì yín lọ o!" Ẹ̀rín gba ilé kan. Ó ṣí ojú ewé.

"Ṣùgbọ́n," ló kà, "nígbà tí a bi àwọn òǹkọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ni oníkálukú ṣe, nǹkan yí padà. Àwọn tó ń wo ojú àti àwọn aláwọ̀-ara kò ní ìwé púpọ̀, àmọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ìdajì orúkọ tó wà níbẹ̀ ni kò ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀rín ti ń kú. Ó yẹ kí ó dúró níbẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú ojú rẹ̀, ohùn dáadáa yẹn sì ń gbé e lọ.

"Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, olórí ẹ̀ka náà, ló ṣáájú lórí gbogbo wọn. Nínú àwọn tó bá a kọ ọ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rí i kó ronú rẹ̀, kó jókòó ti aláìsàn, tàbí kó kọ ìlà kan. Nígbà tí a bi olórí náà fúnra rẹ̀, èsì tó ti ọ́fíìsì rẹ̀ wá ni pé: orúkọ nìkan."

Ó wo ìwé náà. Ó yọ gíláàsì, ó tún fi í sí ojú, bí ẹni pé gíláàsì ló kọ ọ́. Mo rí i tí òógùn ń sun ún létí, inú mi sì dùn, mi ò ní bò ó.

"Èmi kọ́ ni mo kọ èyí!" ló wí.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ olórí àwọn dókítà ọmọdé fi ìrọ̀rùn dá a lóhùn láti ìlà iwájú. "Ọ̀gá, ṣebí orúkọ yín ló ṣáájú?"

"Mi ò kà á rí!"

"Ṣebí ohun tí ìwé náà ń sọ nìyẹn," ni ẹnì kan láàárín àwọn tó ń wo ojú wí.

Gbogbo ilé bú jáde. Kì í ṣe ẹ̀rín ìyẹ́sí. Àwọn dókítà kékeré tí wọ́n ti tò sẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ gbá tábìlì, omijé ń bọ́ lójú wọn. Bó bá ní òun kà á, ó jẹ́wọ́. Bó bá ní òun ò kà á, ó tún jẹ́wọ́. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa gbà á sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí, tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn àga pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Ó dé ìdí pèpéle, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ọ̀fun yín á ti gbẹ. Ṣúgà kan péré, àbí?"

Bí wọ́n bá ní kí n fi bí ojú bàbá náà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn gba ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, mi ò ní gbà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà dìde, ojú rẹ̀ le koko, ó ka èsì bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ sílé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ló tún borí. Àwọn akunnilóorun ló tún kẹ́yìn, ìwé kan ṣoṣo ni àwọn aláwọ̀-ara fi jù wọ́n. Ìwé kan yẹn, gbogbo wa mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà. Àwọn ará ẹ̀ka rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, dúró dè é lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "O tà wá torí ẹ̀rín ọjọ́ kan." Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má bínú, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Nígbà tí a délé mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ obìnrin náà dùn ún. Ó ní ó dùn òun gan-an. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní rárá, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Wọ́n ní kí Bàbá Ìṣáájú lọ sinmi nílé, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru. Kò padà sípò olórí mọ́. Ó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá báyìí nígbà mìíràn, ó máa ń da orí kodò. Mi ò kí i jẹ́jẹ́ rí. Gbogbo ohùn tí mo ní ni mo fi ń kí i: "Ẹ kú ìsinmi o, sà!" Bí a bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ó yẹ kó hàn níbì kan.

Ta ni wọ́n wá fi jẹ olórí? Igbákejì ni, ẹni tí tíì dà sí láyà nígbà kan nítorí ẹ̀rín, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣe ìkejì lórí ìwé kúbùsù. Gbogbo àwọn akunnilóorun bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó gorí àga ló pè wọ́n jọ sí yàrá ìpàdé àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣẹ́jú sí i, ó ní òun ò jẹ́ gbàgbé ẹni tó la ọ̀nà fún òun. Lẹ́yìn náà ló ní ìtìjú bí irú èyí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́ nílé yìí, òun fẹ́ mójú tó ohun gbogbo fúnra òun, nítorí náà kò ní sí ìwé kankan tí yóò jáde láti ọ̀dọ̀ wọn tí orúkọ òun kò ní ṣáájú.

Inú bí mi dé góńgó nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó ń bó ọsàn, ìwé kan tí wọ́n ká wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ rí nǹkan," mo ní. "Ẹ pa ejò, ẹ fi ihò ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀. Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní mo gbọ́, sà."

"Ẹ sì kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀."

Mo wò ó dáadáa. Ó ń bó ọsàn náà yíká, kò jẹ́ kí èèpo rẹ̀ já.

"Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ fún òun jù," ló wí, "ká má máa wá yọ òun lẹ́nu nígbàkigbà tí ìwé bá fẹ́ jáde. Ló bá fọwọ́ sí àwọn ìwé ìbúra sílẹ̀ fún wa, pé òun ti kà á látòkè délẹ̀, pé òtítọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó ní ká ṣáà máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó bá wù wá. Mo ti mú tèmi." Ó tẹ́ ìwé orí itan rẹ̀ fún mi wò. Ìfọwọ́sí Igbákejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tóbi, ó sì gún régé.

"Ìwé lórí kí ni èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́?" mo bi í. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ó la ọsàn náà sí méjì, ó na ìdajì sí mi.

"Mi ò tíì kọ ọ́," ló wí.